Fídíò Àṣẹ́kù

Nígbà tí Bàṣírát dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Dúrósinmí ní òpópónà Addo láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọ̀gá wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ náà ti fi àpò sìmẹ́ǹtì bo ajá rẹ̀. Ajá náà bímọ lóru, kò sì rí òwúrọ̀. Páálí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ wà. Gbogbo wọn ti kú, àfi ẹyọ kan tó dúdú, tí kò ju èkúté ńlá lọ, tó ń fi imú wá ìyá rẹ̀ kiri láàárín àwọn tó kù.

Irin ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ ni ìyá Bàṣírát ní kó wá gbà. Ó gba irin náà, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ ajá náà ṣe. Ọ̀gá Dúrósinmí sọ fún un pé iṣẹ́ ń dúró de òun ní Ṣáńgótẹ́dó, òun kò sì ní ẹni tí yóò jókòó ti ohun tí kò tíì lajú.

"Ṣé mo lè mú un lọ sílé, sà?"

Ọkùnrin náà kó àwọn òkú ọmọ kúrò nínú páálí náà, ó sì tì í sí i. "Bí màmá ẹ bá gbà, mú un. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni o. Kì í ṣe ohun ìṣeré."

Fàúsátù, ìyá Bàṣírát, kò gbà. Aránṣọ ni, iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó sì sọ pé òun kò ní máa gbọ́ igbe ajá láàárín aṣọ oníbàárà. Bàbá rẹ̀, Ìsmáílà, tó jẹ́ awakọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Lẹ́kí, wà nílé lọ́jọ́ náà. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ajá náà kò gbọdọ̀ dé yàrá tí àwọn ti ń kírun, kí Bàṣírát sì ya aṣọ kan sọ́tọ̀ tí yóò máa wọ̀ tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé, "Tó o bá ti gbà á, o ò gbọdọ̀ wá sọ fún wa pé ó ti sú ẹ."

Bàṣírát ní kò lè sú òun láé.

Ìyá rẹ̀ kùn, ṣùgbọ́n òun náà ló bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá pẹ̀lú rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko kan tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Thomas Estate. Dókítà Rẹ̀míláyọ̀ ló dá wọn lóhùn. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ ni. Ó fún wọn ní mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá àti fíídà kékeré kan. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa fi aṣọ wé ìgò omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí òtútù má bàa mú un, àti bí wọn yóò ṣe máa fi òwú tútù nu ìdí rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí ọmọ ajá tuntun kò lè dá tọ̀ láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ lá a. Lẹ́yìn náà ó gbé ọmọ ajá náà sórí tábìlì, ó jẹ́ kí ikùn rẹ̀ kan aṣọ, ó gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì ki fíídà sí i lẹ́nu.

"Bó ṣe máa ń wà lábẹ́ ìyá ẹ̀ nìyí," ó ní. "Ẹ ò gbọdọ̀ dojú ẹ̀ sókè bí ọmọ èèyàn. Bí ẹ bá dojú ẹ̀ sókè, mílíìkì á ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Ìyẹn ló máa ń pa wọ́n."

Bàṣírát ní òun gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́.

Ilé-ìwé wà ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nítorí náà ó ní àkókò. Ó gbé páálí ọmọ ajá náà sí abẹ́ àtẹ̀gùn lẹ́yìn ilé. Kò tíì ní jókòó dáadáa tí ọmọ ajá náà á tún ti máa ké. Ìyá rẹ̀ ti sọ pé òun kò ní fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n obìnrin náà máa ń jí ṣáájú àsùbáà, kò sì sí bí kò ṣe ní gbọ́ igbe rẹ̀. Láìpẹ́, òun ló gba oúnjẹ ìdájí ṣe. Á fún un ní mílíìkì, á nu ìdí rẹ̀, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, kó tó lọ ṣe àlùwàlá. Òun náà ló sọ ọ́ ní Àṣẹ́kù. Bàṣírát gbọ́ ọ níbi tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ pé kó rọra mu, pé kò sí ẹni tó fẹ́ bá a dù ú.

Olúwadábírà, ọ̀rẹ́ Bàṣírát ní kíláàsì, ń gbé ní Thomas Estate. Fóònù rẹ̀ dára, ó sì ní ojú ìwé kan lórí ayélujára tí òun àti Bàṣírát ti ń fi ijó sí tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Nígbà tó wá kí wọn nílé, ó ya Àṣẹ́kù ní fídíò níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ti fíídà bó ṣe ń mu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn tó wo fídíò náà ti pọ̀ ju gbogbo àwọn tó wo ijó wọn pọ̀ lọ.

Nǹkan yí padà fún Bàṣírát. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń lọ sí lẹ́sìn, kíláàsì àfikún ìgbà ìsinmi, tí kì í kí i tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa ajá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kàmọ́rù, tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí láti ọdún tí wọ́n ti jọ wà ní ilé-ìwé, wá jókòó tì í ó sì ní kó fi fóònù han òun. Bàṣírát fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa fídíò ọ̀la nígbà tó bá ń fún Àṣẹ́kù lóúnjẹ òní.

Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ọmọ ajá tí kò tíì lajú ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ń mu, ó ń sùn. Àwọn tó ń wò ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Dábírà wá mú àbá wá. Ó ní kí wọ́n rán fìlà kékeré kan dé e lórí, kí wọ́n fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun, kí Bàṣírát gbé e sí apá kó sì fún un lóúnjẹ bí ìyá ọmọ ṣe ń ṣe.

"Dókítà ní ká má dojú ẹ̀ sókè," Bàṣírát sọ.

"Ìṣẹ́jú kan péré ni. Tá a bá ti yà á tán, wàá dá a padà bó ṣe wà."

Ìyá Bàṣírát ti lọ ra òwú ìránṣọ ní ọjà Ajah. Bàṣírát wá àjákù aṣọ nínú agbọ̀n rẹ̀, ó rán fìlà náà fúnra rẹ̀. Ó wé Àṣẹ́kù, ó gbé e sí apá òsì, ó dojú rẹ̀ sókè, ó sì fi fíídà sí i lẹ́nu. Dábírà ní mílíìkì náà kò hàn dáadáa. Bàṣírát bá fi ọwọ́ fún fíídà náà kí mílíìkì lè máa ṣàn. Mílíìkì yọ nímú ọmọ ajá náà, ó wúkọ́, gbogbo ara rẹ̀ sì gbọ̀n. Bàṣírát yí i padà kíá, ó nu imú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ Àṣẹ́kù sùn, àwọn méjèèjì sì gbà pé kò sí nǹkan kan. Dábírà gé ibi tó ti wúkọ́ kúrò. Ìyókù ni wọ́n fi síta.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Fàúsátù wá jí ọmọ rẹ̀. Àṣẹ́kù kò mu tó bó ṣe máa ń mu. Bó ṣe ń mí, èèyàn á gbọ́ ohùn kan nínú àyà rẹ̀, bí omi tó ń hó nínú ìkòkò kékeré. Wọn kò jẹun kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà Rẹ̀míláyọ̀ gbọ́ àyà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní mílíìkì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì béèrè ẹni tó fún un lóúnjẹ kẹ́yìn.

"Èmi ni," Fàúsátù dáhùn. "Oorun ṣì wà lójú mi, Dókítà. Ó lè jẹ́ pé mi ò gbé e dáadáa."

Dókítà yíjú sí Bàṣírát. "Ìwọ ńkọ́? Báwo lo ṣe ń gbé e?"

"Bí ẹ ṣe kọ́ wa náà ni, mà."

Ó sọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Àkókò wà láti yí i padà, nítorí Dókítà ṣì ń fa abẹ́rẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń ṣàlàyé bí òun ṣe jókòó àti ọwọ́ tí òun fi mú fíídà. Bàṣírát dákẹ́. Wọ́n fi Àṣẹ́kù sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Dókítà pè wọ́n pé ó ti kú.

Ìsmáílà, tí kò fọwọ́ kan ajá náà rí, ló lọ gbé e wá, òun ló sì gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn ọgbà.  Fàúsátù ló ń sọ̀rọ̀ ikú rẹ̀. Ó ń sọ fún oníbàárà tó bá wá mú aṣọ pé òun fi oorun pa ọmọ ajá kan, pé ó yẹ kí òun ti tan iná. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá lọ, á jókòó pẹ́ kó tó tún tẹ máṣíìnì. Bàṣírát ń gbọ́ ọ. Ó ń bá a so bọ́tìnì.

Ní gbogbo àsìkò yìí, fídíò tí wọ́n yà kẹ́yìn ń rìn. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe rí tó tàn tó o. Dábírà ní kí wọ́n má tíì sọ pé ajá náà ti kú, kí inú àwọn èèyàn má bàa bàjẹ́. Bàṣírát ń ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ni ó rí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ̀nsúrát, láti Ìkòròdú. Ó kọ ọ́ pé: "Ajá wa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó ku ọmọ méjì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo ti rí bí ẹ ṣe gbé tiyín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa máa gbé wọn."

Bàṣírát kà á lẹ́ẹ̀mejì. Máṣíìnì ìyá rẹ̀ ń dún.

"Mọ́mì, kì í ṣe ẹ̀yin."

Fàúsátù kò gbọ́. Bàṣírát tún un sọ, ó sì na fóònù náà sí i. Ìyá rẹ̀ wo fídíò náà dé òpin, fìlà, aṣọ, fíídà, gbogbo rẹ̀. Bàṣírát sọ èyí tí Dábírà gé kúrò fún un. Ó sọ irọ́ tó pa ní ilé ìwòsàn náà.

 Fàúsátù yọ aṣọ tó ń rán kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé ọwọ́ mi ló pa á," ó ní. "O sì ń gbọ́ mi."

Bàṣírát kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò wò ó. Ó tọ́ka sí fóònù náà. "Ọmọ Ìkòròdú yẹn ńkọ́? Ṣé o ti dá a lóhùn?"

Kò tíì dá a lóhùn. Ó kọ̀wé sí Mọ̀nsúrát lójú ẹsẹ̀ pé kó má ṣe gbé wọn bẹ́ẹ̀, pé bí àwọn ṣe pa tàwọn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó pe Dábírà pé kó yọ fídíò náà kúrò. Dábírà kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní àwọn èèyàn á bú wọn. Bàṣírát sọ fún un pé tí kò bá yọ ọ́, òun á kọ òtítọ́ náà sábẹ́ rẹ̀ fúnra òun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fídíò náà ti kúrò. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ kò ní fìlà. Bàṣírát ló jókòó nínú rẹ̀, tó sọ orúkọ rẹ̀, ohun tí dókítà kọ́ ọ, ohun tí òun ṣe, àti pé ajá náà ti kú.

Wọ́n bú u bí Dábírà ṣe wí. Àwọn kan ní ìkà ni. Kàmọ́rù kò jókòó tì í mọ́ ní lẹ́sìn, Dábírà náà kò sì wá sílé wọn títí ìsinmi fi parí. Bàṣírát lọ bá Dókítà Rẹ̀míláyọ̀, ó sì jẹ́wọ́ fún òun náà. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí òun má lè gba ọmọ ajá náà là, bí òun tilẹ̀ mọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà. "Ṣùgbọ́n ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní jẹ́ kí màmá ẹ gbé ẹ̀bi yẹn lọ sílé," ó ní.

Mọ̀nsúrát dáhùn. Ó ti fẹ́ gbé wọn bẹ́ẹ̀ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ Bàṣírát dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oríṣiríṣi nǹkan, Bàṣírát ń dáhùn èyí tó mọ̀, ó sì ń lọ béèrè èyí tí kò mọ̀ lọ́wọ́ dókítà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ajá náà kú. Èkejì dàgbà débi tó ti ń lá oúnjẹ nínú àwo. Nígbà tí Bàṣírát ka ìròyìn náà sétí ìyá rẹ̀, Fàúsátù béèrè bóyá ọmọ ajá náà ń sùn dáadáa, ó sì ní kí Bàṣírát bá òun kí wọn nílé náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti jẹ́wọ́ tí ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ ajá.

Ohun tí Bàṣírát kọ́ kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀mí tí a bá gbà láti tọ́jú kì í ṣe ohun tí a fi ń wá ojú rere ọ̀rẹ́. Ó ṣe àṣìṣe nígbà tó dojú Àṣẹ́kù sókè nítorí fídíò. Ṣùgbọ́n ìgbà tó dákẹ́, tó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, ni ohun tó ṣe burú jù.