Ohun tí Ìbídùnní Kò Sọ ní Òsí

Lọ́jọ́ tí Ìbídùnní Ẹkúndayọ̀ kọ́kọ́ fojú kan Japhet Adégbóyèga, orí ìkúnlẹ̀ ló bá a, tó ń sunkún kíkankíkan lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé-ìwé. Ọdún 1959 ni, ní ìlú Òsí. Ìbídùnní ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì tí ìjọ dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti gbọ́ pé tíṣà tuntun dé láti Ìlọ́fà, ṣùgbọ́n kò tíì rí i. Nígbà tó wá rí géńdé ọkùnrin tó ń fọwọ́ lu ilẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé yí i ká láìsọ nǹkan kan, ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó sáré bu omi wá.

"Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ta ló kú?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Omijé gidi ló wà lójú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ti ń yọ́ bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kú. Ọba ni mí. Mo lé ọmọ mi obìnrin jáde láàfin torí pé kò fẹ́ ọkọ tí mo yàn fún un. Àbámọ̀ ló ń pa mí lọ."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú bo Ìbídùnní. Japhet dìde, ó gbọn eruku orókùn rẹ̀, ó gba omi náà, ó sì mu ún tán pátá.

"Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹkún máa ń gbẹ ọ̀fun."

Bí wọ́n ṣe mọra nìyẹn.

Eré àtijọ́ kan ló wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta gbọ́dọ̀ kà fún ìdánwò, èyí tí wọ́n ti kọ ṣáájú kí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni ní Òsí tó dáyé. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le bí eegun. Tíṣà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kàn ń ní kí wọ́n há a sórí ni, wọ́n sì ń kà á bí odídẹrẹ́. Japhet pa ìwé náà dé, ó kó wọn jáde sábẹ́ igi.

"Ẹ rìn bí ọba," ni yóò wí. "Ó dáa. Ẹ wá rìn bí ọba tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi."

Èdè ilé ni wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣe é, kí wọ́n tó padà sí ti inú ìwé. Ó tún gbé àga kan sáàárín. Ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ ti di ẹni inú eré nìyẹn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa bi í léèrè: kí ló dé tó o fi ṣe báyìí? Kí ló wà lọ́kàn rẹ nígbà yẹn? Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tí kì í lahùn ní kíláàsì fi ń jà du àga náà.

Ìbídùnní ló ń rán aṣọ eré fún wọn. Ó ń tú ògbólógbòó ìró, ó ń sọ wọ́n di agbádá ọba. Ó máa ń jókòó tì wọ́n pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, nígbà tó bá sì yá, abẹ́rẹ́ á dúró, ojú rẹ̀ á wà lára tíṣà. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀, bí ìrì ṣe ń rẹ ewé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ìsìn, Japhet dúró lójú ọ̀nà.

"Ìbídùn, ìwọ ni mo fẹ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ."

"Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọba àti ìjòyè sọ tó báyẹn?"

"Ti inú ìwé nìyẹn, olólùfẹ́ mi. Èyí, inú mi ló ti wá."

Inú Ìbídùnní dùn. Ó di ọwọ́ Japhet mú, ó sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀, torí ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà mọ́.

Bàbá rẹ̀, Alàgbà Lazarus Ẹkúndayọ̀, àgbẹ̀ ni, òun sì ni olórí ìgbìmọ̀ tí ìjọ fi ń ṣàkóso ilé-ìwé. Nígbà tí Japhet wá tọrọ Ìbídùnní, ó gbà á lálejò, ó fún un níṣu jẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, ó mi orí.

"Ọmọ dáadáa ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kò yé mi. Ẹni tó ń kọ́ ọmọlọ́mọ ní bí a ṣe ń sunkún irọ́, ọjọ́ tó bá sunkún òtítọ́, báwo la ó ṣe mọ̀? Ẹ jẹ́ ká máa wò ó títí di ìkórè."

Ìkórè kò jìnnà. Wọ́n gbà láti dúró.

Nínú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, Àbẹ̀kẹ́ ló ń ṣe ọmọ ọba. Ọmọ Lábọ̀dé ni, àgbẹ̀ kan nínú ìjọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dé ibi tí ọmọ ọba ti kọ ọkọ tí wọ́n yàn fún un. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ há sí Àbẹ̀kẹ́ lọ́fun.

"Gbé ìwé sílẹ̀," Japhet wí. "Sọ ọ́ bó o ṣe máa sọ ọ́ nílé yín."

Ọmọ náà gbé e sílẹ̀. Ó wá fi èdè ìlú wọn sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ga: "Mi è fẹ́ ẹ, Bàbá."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bojú wo ara wọn.

Lẹ́yìn eré, Àbẹ̀kẹ́ bá Ìbídùnní ní yàrá ìránṣọ, ó bú sẹ́kún. Ó ní bàbá òun ti fi òun fún oníṣòwò kan ní Kóro, ẹni tó ti níyàwó méjì nílé. Bí Àjíǹde bá ti kọjá, òun á fi ilé-ìwé sílẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe Ìbídùnní, inú sì bí i. Ó ní, "Ìwọ náà lẹ́nu. Sọ fún bàbá rẹ bó o ṣe sọ ọ́ lábẹ́ igi. Bí kò bá gbọ́, lọ bá àbúrò ìyá rẹ ní Ọ̀bọ̀ Ayégúnlẹ̀. Má padà títí wọn ó fi gbà."

Nígbà tó rò ó fún Japhet, Japhet mí kanlẹ̀. "Ohun tó tọ́ lo sọ, Ìbídùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí á le."

Ó le lóòótọ́. Àbẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ gbá a létí, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, wọn kò bá a nílé. Lábọ̀dé wá sí ilé-ìwé, ó ń pariwo. "Ẹ̀kọ́ eré ló ba ọmọ mi jẹ́! Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Wọ́n ní tíṣà ló kọ́ ọ pé kó kọ ọkọ!"

Ìgbìmọ̀ jókòó ní kíláàsì kan. Wọ́n kó gbogbo tíṣà jọ. Alàgbà Lazarus ló ń bèèrè ọ̀rọ̀.

"Tíṣà Adégbóyèga, ṣé ìwọ lo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ọmọ yìí lẹ́nu?"

"Ọ̀rọ̀ inú eré ni mo kọ́ ọ, sà."

"Ta wá ni ó ní kó sá nílé?"

Japhet bojú wẹ̀yìn, ojú òun àti ti Ìbídùnní sì ṣe mẹ́rin. Ìbídùnní fẹ́ dìde. Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ó rí ojú bàbá rẹ̀, bó ṣe le koko níwájú àwọn àgbà, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá délé, màá sọ fún un."

Japhet yí ojú padà. "Bí ẹ̀bi bá wà, ẹ jẹ́ kó wà lórí mi."

Wọ́n fòpin sí eré náà. Wọ́n ní kí Japhet máa lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ìbídùnní délé, kò lè sọ ọ́. Ilẹ̀ mọ́, kò lè sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, Japhet yọjú sí i ní yàrá ìránṣọ.

"Àárọ̀ ọ̀la ni mọ́tò mi. Bá mi lọ. Bí o kò bá lè bá mi lọ, sọ òtítọ́ fún bàbá rẹ kí n tó lọ. Èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì, mo gbà."

"Fún mi láyè díẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

Omi lé ròrò sójú Ìbídùnní.

Japhet ní, "N kò dárúkọ rẹ, n kò sì ní dárúkọ rẹ láéláé. Ìwọ fúnra rẹ ni mo fẹ́ kó sọ ọ́, olólùfẹ́ mi. Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbídùnní wọṣọ, ó di ẹrù, ó jókòó sétí ibùsùn. Ó gbọ́ fèrè mọ́tò lójú ọjà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó gbọ́ ọ tó ń gun òkè lọ. Kò dìde.

Japhet kọ lẹ́tà ẹ̀ẹ̀mejì láti Ọ̀fà. Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ èsì rẹ̀ títí ó fi sú u. Ìtìjú kò jẹ́ kó parí ọ̀kankan. Àwọn ọkùnrin wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó kọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọdún márùn-ún kọjá. Ìgbéyàwó ti Kóro kò wáyé mọ́. Àbẹ̀kẹ́ parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì wálé pẹ̀lú aṣọ funfun. Lábọ̀dé fúnra rẹ̀ ló kó ará ilé wá síwájú ìjọ láti dúpẹ́, tó ń jó, tó ń fi ọmọ rẹ̀ han gbogbo ayé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Alàgbà Lazarus jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ní, "Ọwọ́ wa yá jù lórí ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn."

Ìbídùnní wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ sá lọ. Tíṣà mọ̀, kò sì dárúkọ mi."

Bàbá arúgbó náà wò ó títí.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ǹ bá bínú. Ǹ bá bínú fún ọjọ́ mẹ́ta, lọ́jọ́ kẹrin ǹ bá ránṣẹ́ pè é kó wá jẹun. Ìwọ ọmọ tí mo bí, ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìbídùnní ju bí ì bá ṣe dùn ún ká ní ó nà án. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀rù ọjọ́ mẹ́ta péré ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá kọ lẹ́tà, ó bẹ Japhet pé kó máa bọ̀ nílé. Ó ní kí Ìbídùnní fúnra rẹ̀ mú un lọ sí Ọ̀fà.

Ilé tí wọ́n júwe fún un kò ṣòroó rí. Obìnrin kan jókòó síwájú rẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́mú, èkejì ọmọ náà ń sùn lórí ẹní. "Ẹ káàbọ̀, mà. Bàbá Táyé wà nínú ilé."

Ìbídùnní mọ gbogbo ohun tó kù láti mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Japhet jáde. Inú rẹ̀ dùn láti rí i, kò sì fi pamọ́. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó tún un kà, ó wá rọra ká a.

"Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé n kò bínú."

Ẹ. Ó ti ń fi ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ìbídùnní, tó ti jẹ́ Ìbídùn rẹ̀ rí, ti di àlejò tí a ń bọ̀wọ̀ fún.

"Mo ti sọ ọ́ fún wọn, Japhet. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́."

"Ó dáa tẹ́ ẹ sọ ọ́." Ó wo ilẹ̀. "Ọdún méjì ni mo fi dúró."



Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́bọ́lá, kò jẹ́ kó lọ láìjẹun. Ó tún pọn Táyé, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sìn ín títí dé ìdíkọ̀. Onínúure ni obìnrin náà, kò sí bí Ìbídùnní ṣe fẹ́ kórìíra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn pé mo fojú rí yín," Ọmọ́bọ́lá wí bí mọ́tò ṣe fẹ́ gbéra. "Bàbá Táyé máa ń sọ̀rọ̀ yín. Wọ́n ní nígbà tí ìgbìmọ̀ lé wọn ní Òsí, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì wọ́n."

Ìbídùnní dì mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wọ inú mọ́tò. Kò sunkún títí wọ́n fi jáde ní Ọ̀fà.