Ipa Tó Jìn Ju Ti Ẹnì Kan Lọ

Ìyá àgbà Otose, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe èmi. A jókòó lórí odi òkun, à ń fọ ìṣáwùrú. Omi ti fà lọ jìnnà, ẹrẹ̀ sì ń dán lọ títí dé ibi tí ojú mọ. Nobue ọmọ mi ń bọ̀ lórí pákó rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lé e pẹ̀lú orúnkún kan, ó ń fi ẹsẹ̀ kejì ta ẹrẹ̀ sẹ́yìn, bí gbogbo wa ti ń ṣe é.

"Ìyá Nobue," Ìyá àgbà wí, "ọmọ rẹ rí ẹja pa lónìí o. Wo ipa pákó rẹ̀ bó ti jìn."

Lọ́dọ̀ wa, kí èèyàn tó dé etí odi la ti ń mọ ohun tó wà nínú garawa rẹ̀. Pákó tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ á kàn fá ojú ẹrẹ̀ lásán. Èyí tó wúwo a máa là á bí ọkọ́ ti ń la ilẹ̀. Inú mi dùn. Nígbà tí Nobue gun odi, mo yọjú wo garawa. Ẹja mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àwọn kéékèèké tó ń fò lórí ẹrẹ̀ wọ̀nyẹn. Mẹ́rin péré.

Ìyá àgbà wo garawa, ó wo ipa, ó wá wo ikùn ọmọ mi. "Àbí o ti di méjì tí o ò sọ fún wa?"

"Màmá, ẹ jẹ́ n rí ọkọ ná," Nobue dá a lóhùn.

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ẹrẹ̀ ọjọ́ náà ló ń fa òun.

Lọ́jọ́ kejì, ipa náà jìn sí i. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí i pé iwájú pákó ló ń tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn níbi tí ọmọ mi kúnlẹ̀ sí. Ẹni tó bá ti gun pákó rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹnì kan jókòó níwájú. Ìyá àgbà náà rí i, kò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, omi bá Nobue lọ́nà. Ó ti mù ún dé àyà kí ọwọ́ rẹ̀ tó ba okùn tí a jù sí i. Òkun wa kì í rìn padà, eré ló máa ń sá.

Bí mo ti ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ lọ́la.

"Ìyá, bí mi ò bá lọ, ta ló máa lọ? Ṣé Bàbá tó ń wa èédú nínú ihò lódìkejì òkun ni?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá, tí mo bá ti kọjá òpó dúdú tó wà láàárín ẹrẹ̀ yẹn, mo máa ń gbóòórùn irun tútù níwájú mi."

Ọwọ́ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀. N kò lè fọ̀ ọ́ mọ́.

Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, oyún Nobue wà nínú mi, ó ti pé oṣù méje. Kùrukùru bolẹ̀, omi sì ti ń padà bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó dúdú yẹn ni mo ti rí obìnrin kan tí ẹrẹ̀ ti gbé mì dé ìbàdí. Kì í ṣe ará abúlé wa, kò sì ní pákó. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mo rò ó pé pákó kan ni, èmi àti oyún mi sì ti di méjì lórí rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá gùn ún, gbogbo wa ni omi máa kó. Mo ta ẹsẹ̀, mo lọ. N kò wẹ̀yìn.

Kò sẹ́ni tó wá bèèrè obìnrin náà. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń kúnlẹ̀ pe orúkọ Amida, Búdà aláàánú tó ń gba ọkàn àwọn òkú. Àwọn èèyàn a ní Ìyá Nobue mà mọ ẹ̀sìn o.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, bí omi ti fà, mo gbé pákó náà kí Nobue tó jí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti gùn ún kẹ́yìn, orúnkún mi ń ké. Nígbà tí mo dé ìdí òpó, mo sún sẹ́yìn títí ibi tí mo kúnlẹ̀ sí fi ku díẹ̀, mo fi iwájú sílẹ̀.

"Ẹ má bínú," mo wí. "Ẹ wá gùn ún."

Kò sí nǹkan kan. Akàn kan wọ ihò. Lẹ́yìn náà ni imú pákó rọra tẹ̀ wálẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí ẹni tí ara ń ro bá ń jókòó. Mo gbóòórùn irun tútù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀. Mo ń gbọ́ omi lẹ́yìn mi, ó ń dún bí ẹni ń fọ ìrẹsì. Èémí mi kò tó láti pe orúkọ Amida. Ohun tí mo ń wí kò ju "ẹ dì í mú, ẹ dì í mú" lọ.

Bí a ti kan odi, iwájú pákó gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo gbé ìrẹsì àti tíì fún obìnrin náà níwájú pẹpẹ ilé wa, mo sun tùràrí. Nígbà tí Nobue bínú pé ṣé mo fẹ́ kú ni, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Èmi lẹ gbé sá," ó wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ aṣọ ẹrẹ̀ rẹ̀, ó dúró de ìgbà tí omi tún máa fà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ. Mo dúró lórí odi pẹ̀lú Ìyá àgbà Otose títí ó fi ń padà bọ̀. Ó ń yára, àyà mi sì balẹ̀.

"Ó ti dára," Ìyá àgbà wí. Ó di ojú kan, ó tún wò ó. "Àmọ́ ó ku díẹ̀. Iwájú yẹn ṣì ń tẹ̀. Ó tó ìwọ̀n garawa ìrẹsì kan. Kí ló gbé?"

Garawa Nobue ṣófo. Ó gun odi, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí Ìyá àgbà má baà gbọ́.

"Kì í ṣe irun mọ́, Ìyá. Òórùn wàrà ọmú ni."

Nígbà náà ni mo tó rí ọwọ́ obìnrin náà dáadáa, lẹ́yìn ọdún méjìlélógún. Ọwọ́ méjèèjì tó nà sí mi kò ṣófo. Ohun kan wà níbẹ̀ tó fi aṣọ dì. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí n kò kà á sí. Mo rò pé ìṣáwùrú rẹ̀ ló fẹ́ fi bẹ̀ mí kí n lè gbé òun.

Kò sọ pé kí n gbé òun. Pákó mi ì bá sì gba ọmọ tó nà sí mi.