Lẹ́tà Inú Fáìlì Pupa

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Rayford Tibbs bá mi sọ kì í ṣe ẹ káàárọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, Nyla ọmọ ẹ̀, ọlọ́dún méje, lẹ̀ mọ́ ọn nítan.

"Tíṣà, ṣé ilẹ̀kùn yìí ń tì láti inú?"

Mo ní ó ń tì. Ó ní kí n tì í kí òun rí i. Inú bí mi díẹ̀, n ò ní purọ́. Ìgbà tí mo wá wo ojú ẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin náà, ẹ̀rù gidi. Ìyàwó ẹ̀ ti kú, Nyla nìkan ló kù fún un.

Ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú títì ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ló ń wà. Nígbà òtútù ọdún yẹn, kí n tó jí, iwájú ilé mi á ti mọ́ tónítóní. Tí mo bá bi í, á ní ìjọba ìlú ló rán òun. Irọ́ ni, ìjọba ìlú ò mọ̀ mí rí! Kí yìnyín tó yọ́ tán, mo ti nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ débi pé ohùn ẹ̀ lórí fóònù ń mú mi rẹ́rìn-ín lémi nìkan.

Nínú oṣù karùn-ún ni ìbọn dún lẹ́yìn ilé-ìwé wa. A tìlẹ̀kùn, a paná, àwọn ọmọ wà lábẹ́ tábìlì fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Nyla ò sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Etí bàbá ẹ̀ àti etí tèmi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí.

Màmá Earline, ìyá Rayford, ló bá gbéra. Aṣọ́nà tó ń júwe àga fáwọn èèyàn ni wọ́n ní ìjọ wọn, ìjọ náà sì ní ilé-ìwé tó ń gba fáọ́ṣà, ìwé tí ìjọba fi ń sanwó ilé-ìwé aládàáni fún òbí. Wọ́n ní olówó ti ń yan ilé-ìwé tó wù ú tipẹ́, kí ló dé tí tálákà ò fi ní yan tiẹ̀? Wọ́n búra pé ẹsẹ̀ àwọn ò ní tẹ ilé-ìwé wa mọ́ láé.

Alvester, bàbá tèmi, ti gbálẹ̀ ilé-ìwé yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹja díndín ọjọ́ Jimọ̀ wà níwájú wọn nígbà tí wọ́n dá Màmá Earline lóhùn.

"Bí ẹ bá ń yọ igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá kó ọmọ ẹ̀ kúrò nílé-ìwé wa, kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Ẹ̀rù tiwọn náà nìyẹn. Ọjọ́ Jimọ̀ kẹta oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ilé-ìwé máa ń ka ọmọ, àhesọ sì ti ń lọ pé wọ́n máa ti èyí tí iye ẹ̀ bá kéré. Tiwa ti ń mì.

"Corliss mi," Rayford ní, "tí mo bá fi í síbẹ̀, tí nǹkan ṣe é ńkọ́? Tí mo bá mú un kúrò, tí mo pàdánù ẹ ńkọ́?"

Mo ní kó ṣe èyí tó máa jẹ́ kó rí oorun sùn. Ó fọwọ́ sí ìwé náà. Èmi ni mi ò rí oorun sùn.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa ka ọmọ, Nyla fa lẹ́tà kan yọ nínú fáìlì pupa tí a fi ń gba ìwé láti ilé, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ìwé fáọ́ṣà ni, pẹ̀lú bíìlì iná tó fi ibi tí wọ́n ń gbé hàn. Bàbá ẹ̀ ló ní kó fún Màmá Earline kí wọ́n mú un lọ sílé-ìwé, ilé-ìwé tí ọmọ mọ̀ sì ni tèmi! Tí aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn bá ti lù, ilé-ìwé ìjọ ò ní gbà á mọ́.

Mo pe bàbá mi.

"Fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ," ni wọ́n wí. "O ò jí i. Òun ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá."

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Bí mo bá fi í pamọ́, màá máa rántí ẹ̀ nígbàkígbà tí ọmọ yẹn bá gbẹ́nu sétí mi.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo wọ ilé-ìwé ìjọ náà. Màmá Earline ló jókòó nídìí tábìlì àbáwọlé, níbi tí wọ́n ti ń ṣèrànwọ́.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

"O mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Wọ́n gbà á, wọn ò dúpẹ́.

Ní ọjọ́ Jimọ̀, àga Nyla ṣófo. Mo kọ mẹ́tàdínlógún sílẹ̀ dípò méjìdínlógún. Nígbà òtútù, wọ́n kéde pé àwọn máa ti ilé-ìwé wa pa ní oṣù kẹfà. Mo sunkún. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni Rayford ń gbá yìnyín iwájú ilé tiwọn náà, kò sì kan ilẹ̀kùn rí. Lọ́jọ́ kan bàbá mi gbé kọfí jáde fún un. Wọ́n ní kó mu ún kó tó tutù.

Inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa la ti ṣègbéyàwó, ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tì í pa. Bàbá mi fúnra wọn ló gbálẹ̀. Àga Màmá Earline nìkan ló ṣófo. Pásítọ̀ ti dìde nígbà tí Rayford, bí ìṣe ẹ̀, lọ ti ilẹ̀kùn.

"Dádì, ẹ má tì í."

Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Nyla ni, ó dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Màmá Àgbà ṣì wà níta."

Rayford ò tíì gbọ́wọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bàbá mi dìde, wọ́n yọ igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn láyé ìgbà tí wọ́n ń gbálẹ̀ látinú àpò kóòtù, wọ́n sì fi há a ní ṣíṣí sílẹ̀. Màmá Earline wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn nínú ìbọ̀wọ́ funfun aṣọ́nà wọn, wọn ò tíì gbé ẹsẹ̀ kankan.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, wọ́n na apá sí Màmá Earline kí wọ́n dì í mú.