Ta Ló Fá Irùngbọ̀n Shuaib?

Nídìí ẹ̀rọ omi ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ọ̀gbà ni Uswat ti kọ́kọ́ rí Shuaib, àṣìṣe ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà ni Uswat ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kún dáadáa, tó ń bu omi sójú, ó sì rò pé àlùfáà tó wá ṣe wàásù fún àwọn òṣìṣẹ́ ni. Kíá ló kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Àlùfáà."

Ni gbogbo àwọn tó tò sídìí ẹ̀rọ bá bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀, ó wò ó tìyanutìyanu.

"Dìde ńlẹ̀, arẹwà. Ọ̀dà ni mò ń pò níbí. Ìyàwó ni mo ń wá, mi ò wá ọmọ kéwú."

Ojú ti Uswat, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ń jọ jẹun ọ̀sán. Ìgbà Sáàpù ni, tí búrẹ́dì di oúnjẹ ọlọ́lá, tí àwọn ológun sì ń ní ká ṣe sùúrù. Shuaib á ya búrẹ́dì kan ṣoṣo sí méjì, á fún Uswat ní èyí tó tóbi. "Jẹun, Àṣàkẹ́ mi," ni yóò wí. Obìnrin wo ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní yọ́?

Àwọn ẹbí gbọ́, wọ́n sì gbà. Bàbá Làsísì, bàbá Shuaib, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Agége, tí sàfù iwájú kì í sì í yẹ̀ lórí rẹ̀ ní mọ́sáláṣí, ní ọmọ náà wu òun. Ìyá Uswat ní tirẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní, "Ẹni tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ni màá fọmọ mi fún. Ẹni tó bá ń ṣọ́ géètì, kó lọ fẹ́ géètì." Iṣẹ́ ọ̀dà pípò níyì nígbà náà, owó rẹ̀ sì ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n fi ìgbéyàwó sẹ́yìn Iléyá.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń jà lé lórí, irùngbọ̀n ni. Uswat fẹ́ kó fá a nítorí fọ́tò ìgbéyàwó.

"Bí o bá ní kí n fá orí, màá fá orí," Shuaib á dáhùn. "Irùngbọ̀n yìí, bàbá mi ni mo fi jọ. Kódà bí sójà bá ní kí n fá a, mi ò ní fá a."

Uswat fi í sílẹ̀. Ohun tí ọkùnrin ò ṣe fún ẹnikẹ́ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀ bí kò bá ṣe é fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìwé dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá láti Ìkẹjà, wọ́n ní òfin tuntun ti jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fọwọ́ kan kẹ́míkà gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tó ń fọwọ́ kàn síbẹ̀, àti ohun tí nǹkan náà lè ṣe fún ara. Kí wọ́n kà á fún un ní èdè tó yé e, kó sì fọwọ́ sí i. Kí wọ́n wá ìbòmú tó bá ojú rẹ̀ mu, kí ẹni tó yẹ ìbòmú náà wò fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Máníjà fárígá. Ó ní ṣé ìwé ló ń po ọ̀dà ni? Wọ́n ní bí kò bá sí ìwé, àwọn á ti géètì pa. Ó yáa lọ wá akọ̀wé.

Akọ̀wé náà ni Mísì Àjíṣọlá, tí wọ́n mú wá láti ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà ní Àlẹ́nì Àfẹ́níù. Ó pupa, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, bàtà rẹ̀ ń dún kó-kó-kó lórí sìmẹ́ńtì. Uswat ti kórìíra rẹ̀ kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nínú sítọ̀ kékeré kan ni Mísì ti ń gba àwọn ọkùnrin wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì ti ilẹ̀kùn.

Modinat, tí wọ́n jọ ń dé agolo, ló mú ìròyìn dé.

"Uswat, ṣé o mọ̀ pé Mísì yẹn ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ ẹ mú?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ta?"

"Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó ń fọwọ́ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, báyìí, báyìí."

"Ṣebí ìbòmú ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Gbogbo wọn ló ń ṣe é fún."

"Mo gbà," ni Modinat wí, ó ń lu ìdérí agolo wọlé. "Ṣùgbọ́n àwọn yòókù wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jáde. Tìẹ ò yéé wọlé."

Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun Uswat mọ́. Bí ilẹ̀kùn sítọ̀ bá ti pa dé, agolo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní rí ìdérí. Ó lọ ra lọ́fíńdà ní Agége, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹni wọlé, ó fi í ra ara, ó lọ fara ti Shuaib nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Modinat tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán ní, "Ta ló ń ta sánsán báyìí?" Shuaib ya búrẹ́dì. Ó fún un ní èyí tó tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, Shuaib wá kí i nílé. Uswat gbé ìrẹsì kaná, ó ní kó bá òun wò ó, òun fẹ́ pọn omi. Nígbà tó fi máa dé, àwọn ará ilé ti ń pariwo pé nǹkan ń jó. Shuaib jókòó ti sítóòfù náà pẹ́kípẹ́kí, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Shuaib! O jókòó tì í, o sì jẹ́ kó jóná?"

"Mi ò mọ̀, Àṣàkẹ́ mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

"O ò mọ̀? Gbogbo àdúgbò mọ̀! Ọkàn rẹ ò sí níbí. Mo mọ ibi tó wà."

Ó mú aṣọ, ó gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná.

Lọ́jọ́ kẹta ni Shuaib gba géètì wọlé, àgbọ̀n rẹ̀ ń dán gbinrin. Irùngbọ̀n ti lọ! Àwọn kan hó yèè, àwọn kan ń bèèrè ẹni tó fá a. Modinat kò bèèrè. Ojú Uswat ló ń wò. Ilẹ̀ ìbá lanu, Uswat ìbá wọ̀ ọ́. Ó dúró dè é lẹ́yìn àwọn dúrọ́ọ̀mù.

"Èmi bẹ̀ ọ́, o ní kódà bí sójà bá ní. Mísì kan dé láti Àlẹ́nì, o fá a."

"Ìbòmú náà ò lè lẹ̀ mọ́ ojú pẹ̀lú irùngbọ̀n. Afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé."

"Àwọn tó ń fi áńkáṣíìfù dí imú ńkọ́? Ṣé àwọn ò láfẹ́fẹ́ ni? Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ nìkan ni ìwé ìjọba ká lára báyìí?"

Shuaib wo ilẹ̀. Uswat rí i kedere pé ó ń fi nǹkan pa mọ́, ó sì dùn ún dé egungun.

Ìbínú ò da nǹkan fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí nígbà tí inú bá ń ru? Ó gba ilé Bàbá Làsísì lọ tààrà, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n pa tẹ̀sùbáà pọ̀ sọ́wọ́.

"Obìnrin ló fá irùngbọ̀n ọmọ mi?"

"Nítorí ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, kí ló dé tí kò wá sọ fún mi kó tó fá a? Uswat, dìde, má sunkún. Bí kò bá wá sọ òtítọ́ fún mi kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí tó kọjá, kò sí ìgbéyàwó kankan lẹ́yìn Iléyá. Ẹni tó lè tìtorí obìnrin kan ṣe èyí, kò tíì tó ọkọ obìnrin mìíràn."

Uswat kò bá ìyẹn wá. Kí wọ́n bá a wí ló bá wá, kì í ṣe kí wọ́n tú ìgbéyàwó ká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti bọ́ lẹ́nu ti bọ́ náà nìyẹn. Shuaib kò sì lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ dé, sítọ̀ ni wọ́n tún rí i tó wọ̀.

Uswat ju agolo sílẹ̀. Ó ní bí òun bá máa pàdánù ọkọ, òun á fojú ara òun rí ẹni tó gbà á. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn sítọ̀, ó ṣí gbàgà.

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù ló kọ́kọ́ kọlù ú, bíi pé odidi ìtì mẹ́wàá ló wà nínú yàrá náà. Shuaib jókòó lórí àpótí, ó di ojú. Mísì Àjíṣọlá gbé ìgò kékeré kan sábẹ́ imú rẹ̀.

"Gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Mísì ń wí. "Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbóòórùn kankan, Mísì."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀!" Uswat pariwo kó tó mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti gba gbogbo ilé kan! O ní o ò gbọ́?"

Shuaib la ojú. Ojú ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ ló fi wò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí Uswat wá mú. Mísì dé ìgò náà, ó mí kanlẹ̀.

"Ìwọ ni Uswat, àbí? Ó yẹ kí n tètè rí ọ. Bí a ṣe ń yẹ ìbòmú wò nìyí. Ẹni tó bá lo ìbòmú tó bá ojú rẹ̀ mu kò gbọdọ̀ gbóòórùn yìí. Ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé imú rẹ̀ ń gbóòórùn láìsí ìbòmú. Ti ọkọ rẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ti ba imú rẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ló ti ń bẹ̀ mí kí n má tíì kọ ọ́ sínú ìwé."

"Kí ló dé?" Ohùn Uswat ti lọ sílẹ̀.

Shuaib ló dáhùn. "Bó bá kọ ọ́, wọ́n á yọ mí kúrò nídìí ọ̀dà, géètì ni wọ́n á gbé mi lọ. O mọ ohun tí ìyá rẹ sọ. Mo ní kí Mísì jẹ́ ká ṣègbéyàwó tán. Mo fá irùngbọ̀n kí ìbòmú lè bò mí dáadáa, bóyá imú á jí padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí mo bá sọ fún Bàbá, wọ́n á pè ọ́, wọ́n á sọ fún ọ."

Uswat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́fíńdà. Ìrẹsì tó jóná. Àánú rẹ̀ ṣe é, ojú ara rẹ̀ tì í. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, owú náà ò lọ. Ó yí padà ni, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: obìnrin mìíràn ló kọ́kọ́ mọ ibi tó ń dun ọkọ òun.

"O sọ fún un," ló wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Òun lo sọ fún. O ò sọ fún mi."

"Mi ò sọ fún un, Àṣàkẹ́. Ìgò yẹn ló tú mi fó. Ìwọ ni mi ò fẹ́ pàdánù."

"Shuaib, ó dùn mí. Bí o bá máa fọ́jú, èmi ni kí n kọ́kọ́ mọ̀. Bí o bá máa yadi, èmi ni kí n kọ́kọ́ mọ̀."

Mísì Àjíṣọlá gbójú kúrò lára wọn, ó mú bírò. "Mo lè kọ ọ́ pé ó ń gbóòórùn," ló rọra wí. "Máníjà á fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbòmú bá yẹ̀ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn yòókù á gbóòórùn, wọ́n á sá. Òun á dúró síbẹ̀."

Shuaib ń wo Uswat, Uswat ń wo ìwé náà.

"Ẹ kọ òótọ́," ni Uswat wí.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ìyá mi kọ́ ló ń fẹ́ ọ."

Nírọ̀lẹ́, wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Làsísì. Uswat kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nítorí iyọ̀ tó fi sí ọ̀rọ̀. Bàbá gbọ́ ti imú, wọ́n di àgbọ̀n ọmọ wọn tó dán náà mú. "Irùngbọ̀n á hù," ni wọ́n wí. "Imú ńkọ́?" Dókítà tí wọ́n padà lọ rí ní ó lè jí, ó sì lè má jí.

Ìyá Uswat ló gba wàhálà. "Géètì?" ló ń tẹnu mọ́. "Ọmọ mi, géètì?"

"Màmi, ẹ̀yin náà lẹ ní kó lọ fẹ́ géètì," ni Uswat wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ó ti gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi jẹ́ ìyálé géètì."

Ìyá rẹ̀ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n so yìgì wọn ní mọ́sáláṣí àdúgbò. Mísì Àjíṣọlá náà wá, Uswat sì rí i dájú pé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà obìnrin ló jókòó sí.

Mísì yìí kan náà ló wá bẹ Uswat lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó ní wọ́n ń pe òun padà sí Àlẹ́nì, òun sì fẹ́ ẹni tí àwọn ọkùnrin náà á gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, tó lè ka ìwé kẹ́míkà fún wọn ní Yorùbá tó yé wọn. Uswat rò ó díẹ̀. Ó rántí bó ṣe rí láti jẹ́ ìyàwó tó gbọ́ kẹ́yìn, ó gbà. Ó kọ́ ìwé náà, ó kọ́ ìbòmú, ó kọ́ ìgò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá ṣe é, Shuaib ti dúró dè é lẹ́nu géètì nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tuntun. Wọ́n jọ gba ọ̀nà ilé.

"Àṣàkẹ́ mi, ojú ta lo dì mú lónìí?"

"Ti gbogbo wọn."

"Reuben tí a jọ ń po ọ̀dà tẹ́lẹ̀ náà ńkọ́?"

"Reuben náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tóbi, ó pẹ́ kí ìbòmú tó bá a mu."

Shuaib gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ré kọjá àwọn tó ń kí i láì dáhùn. Uswat ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe é, ó mọ bó ṣe ń dunni tó, síbẹ̀ ó jẹ́ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.