Ife Wàràkàṣì Kan Kì í Ṣe Ife Omi

"Òṣùwọ̀n ti kú," ni Ma Sœur Léontine, sísítà olùkọ́ oúnjẹ síse, sọ, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni gbé òkú adìẹ. "Ife ni kí ẹ lò. Ìdánwò kò ní dúró."

Inú ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ àwọn sísítà ní Libreville lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún kẹta tí Gabon gba òmìnira. Makaróòni oníwàràkàṣì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ sè. Ẹnì kan ṣoṣo ni Ma Sœur máa mú nínú wọn, kí ó máa bá a kọ́ àwọn kékeré ní oúnjẹ síse. Ọdúnọlá, tí ìyá rẹ̀ ń ta ìrẹsì ní ọjà Mont-Bouët, ti fọkàn sí ipò yẹn. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ kedere pé bí kò bá rí i gbà, ìdí àtẹ ìyá rẹ̀ ló kù. Àtẹ kò burú o. Orí àtẹ lèmi náà ti tọ́ ọmọ dàgbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ló wu ọmọ yẹn.

Igba gíráàmù wàràkàṣì tí a ti rin wẹ́wẹ́ ni wọ́n ní kí kálukú lò. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé omi tó bá kún ife ìdáná wọn, igba gíráàmù ni. Régine, ọ̀rẹ́ Ọdúnọlá, bu ife wàràkàṣì kan, ó dà á lé makaróòni rẹ̀ lórí, ó gbé e sínú ààrò.

Ọdúnọlá náà bu tirẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló jogún: ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó kó o jọ gègèrè, ó tún fi ènì lé e, nítorí pé nílé wọn, ahun nìkan ló ń wọn nǹkan láìsí ènì. Ó gbé ife náà sókè. Ó fúyẹ́.

"Régine, èyí kò tó ìwọ̀n ife omi."

"Ta ni yóò wọ̀n ọ́n?" ni Régine dá a lóhùn. "Da tìrẹ sí i, jàre. Ẹni tó bá pẹ́, máàkì rẹ̀ ń lọ nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ó wu Ọdúnọlá kó dà á sí i. Ó tún wo ife náà. Ó bá mú igi gígùn tó wà nídìí ìgbálẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn láàárín, ó fi kọ́ irin fèrèsé, ó so abọ́ páànù kan mọ́ ìhín, èkejì mọ́ ọ̀hún, títí igi fi dọ́gba. Ó da ife omi kan sí abọ́ kan, ó ń bu wàràkàṣì tí kò tẹ̀ sí èkejì. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Kí igi tó tún dọ́gba, ife méjì àbọ̀ ló lọ.

Bó bá panu mọ́, oúnjẹ tirẹ̀ nìkan ni yóò pé. Kí n má parọ́, èmi ì bá panu mọ́. Ọmọ náà gbóhùn sókè.

"Ẹ dúró. Ife wàràkàṣì kan kì í ṣe ife omi, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ife méjì àbọ̀ ni, ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n sáré fi kún tiwọn. Régine fa tirẹ̀ yọ nínú ààrò, ó fi kún un, ó dá a padà. Ọdúnọlá ló gbé tirẹ̀ wọlé kẹ́yìn. Nígbà tí àkókò pé, ti Régine ti pọ́n dáadáa. Ti Ọdúnọlá ṣì funfun lójú. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ma Sœur tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. "Régine ló se èyí tó dára jù," ó ní. "Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mò ń wá. Ta ló kọ́ yín lónìí?"

Régine fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ní ìdí àtẹ, ó rẹ́rìn-ín. "Oore kì í gbé," ó ní. "Ènì lo fi gbà á."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wọn nǹkan dájú kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí ẹ bá sì mọ̀ ọ́n tán, ẹ bù fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fi ìmọ̀ pamọ́ kò lè pe ara rẹ̀ ní olùkọ́.