Yàrá Tí Wọ́n Fi Gba Àlejò

Ọmọ apẹja àgbà sùn, kò jí mọ́. Kò sí ibà, kò sí ọgbẹ́. Òjò ò jẹ́ kí ẹja gbẹ níta, ni wọ́n bá gbé ìkòkò èédú tó ń jó wọ yàrá ọmọ náà kí wọ́n lè máa yan ẹja níbẹ̀, wọ́n sì ti fèrèsé pa. Gbogbo ilé etí omi yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò.

Ìyàwó apẹja na ìka sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Ẹyẹ ń ké lórí òrùlé lánàá, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níta!"

"Ìyàwó mi, èéfín ló pa á," ni ìyá wí. "Ẹ gbé iná yẹn jáde."

Agbẹ́kọ̀, ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ fún wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Èéfín tí bàbá wa fi yan ẹja? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀?"

Apẹja àgbà gbé ìyá tó bí i sínú ọkọ̀ tó ń jò, kò fún un ní nǹkan tí yóò fi wà á. Àwọn tí ìyá gbẹ̀bí wọn ló ń sọ òkò tẹ̀lé e. Igbá ni ìyá fi ń gbọ́n omi títí wọn ò fi rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ ò le, orí wọn ló le.

Kò pẹ́ ni àlejò kan dé, obìnrin tó ń kiri abúlé apẹja láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun àwọ̀n. Inú wọn dùn sí i! Wọ́n gba ẹrù rẹ̀, àwọn ọmọdé ń jìjàdù ẹni tí yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí tó mi sùn," ni àlejò wí.

"Ká má rí i!" ni ìyàwó apẹja dáhùn. "Kí òjò pa àlejò wa? Yàrá tó móoru jù ni tiyín." Ó gbé èédú wọlé fún un, ó rọra ti fèrèsé.

Ilẹ̀ mọ́, àlejò ti kú.

Wọ́n ń bi ara wọn léèrè. Àjẹ́ tí wọ́n ti lé lọ, báwo ló ṣe tún pààyàn? Ìyàwó wo ìkòkò èédú, ó ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Ìyá sọ ọ́, èéfín ni! Èmi ni mo gbé iná wọlé, èmi ni mo ti fèrèsé!"

"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ìyá yẹn?" ni Agbẹ́kọ̀ wí. "Ìyá ti gbé àjẹ́ fún un kó tó lọ. Òun náà ló fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ yẹn."

Ìyàwó di aṣọ ọkọ rẹ̀ mú. Apẹja àgbà já ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ó ń tú okùn ọkọ̀ mìíràn tó ń jò.