Ta Ló Jó Pákó Signy?

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tán ní Ulvhaug, ìlú kan ní Norway, nígbà tí Tauno, tó ń pa ìda fún àwọn ará Finland, sáré jáde láti inú ilé ìda àwọn ará Norway, tó ń ké pé kí wọ́n wá gbé èèyàn. Oddvar Tveitmo, bàbá arúgbó tó ń fi ìda pa abẹ́ pákó gígùn tí àwọn eléré orí yìnyín ń dè mọ́ ẹsẹ̀, kó lè máa yọ̀ dáadáa, ló dojú bolẹ̀ láàárín ilé, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ ìda ṣì gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo pákó tí Signy Haugsvær fi ń sáré ló ti jó lábẹ́, tó wú bí awọ ẹsẹ̀ tí omi gbígbóná dà sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin láti orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ti fi pákó fò láti orí òkè ńlá tí wọ́n kọ́ fún fífò ní Ulvhaug. Ẹni tó bá fò jù ló máa kọ́kọ́ gbéra nínú eré sísá ọ̀sán, àwọn tó kù á sì máa tẹ̀ lé e bí oníkálukú bá ṣe fò sí. Signy ló fò jù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, bàbá rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì ìlú náà. Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣíwájú Helmi, ọmọ Finland. Aago méjì ni eré. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún tí òkè yẹn ti wà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n gba obìnrin láyè láti díje níbẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Bergljot Nesheim dé pẹ̀lú búrẹ́dì oníwàràkàṣì nínú bébà, nítorí wọ́n pè é níbi oúnjẹ. Wọ́n ti gbé Oddvar lọ sí ọsibítù. Ọlọ́pàá kékeré kan ti de Tauno lọ́wọ́, ó sì ń wo inspẹ́kítọ̀ bí ẹni tó ń retí oríyìn. Halvard Grøtting, alága ìgbìmọ̀ ìdíje náà, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ ọlọ́pàá fún àwọn ọlọ́pàá.

"Ìyáàfin, ọ̀rọ̀ ti yé wa," ni alága wí. "Ọmọ Finland ló ṣe ipò kejì, ará Finland ló jáde níbẹ̀. Àmọ́ mo ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́wàá. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ kó obìnrin jọ sórí òkè, wàhálà ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀. Ká fagi lé eré yìí, kí kálukú máa lọ sílé."

Alága ti sọ nínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀mẹta pé orúnkún obìnrin kò lè gba òkè yẹn, wọ́n sì tẹ fọ́tò rẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tó bi í pé orúnkún ta ló yẹ̀ wò. Gbogbo ìlú sì mọ̀ pé bí wọ́n bá fagi lé eré lónìí, àwọn àjọ àgbáyé á gbé ìdíje obìnrin lọ sí ibòmíràn, kò sì ní padà sí Ulvhaug mọ́. Aago kan ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí.

Bergljot bá Signy lórí korobá tó dojú dé lẹ́yìn ilé ìda. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ní gbogbo àwọn lọ jẹun ni, Bàbá Oddvar nìkan ló ní òun ń padà lọ mú fúláàsì kọfí òun.

"Ta ló kórìíra ẹ?" ni inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Mi ò tíì ṣe nǹkan tó tó ìkórìíra, mà. Mo kàn fò ni."

Tauno ní búrọ́ọ̀ṣì lòun wá yá lọ́wọ́ Oddvar, tí òun fi rí i nílẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á. Ó dà bí ẹni pé ìwà òmùgọ̀ wọn ló ń rí i lára.

"Ọ̀gá, ilé jó, ẹ ò wá ẹni tó dáná, ẹni tó ń gbé omi bọ̀ lẹ mú. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá kàn fi ìda tí ò bá òtútù òní mu pa á lábẹ́. Ọmọ náà á máa sáré, pákó ò ní lọ, á rò pé ó ti rẹ òun ni. Ta ni yóò mọ̀? Ta ló ń fi áyọ́ọ̀nù jó pákó kí gbogbo ayé lè rí i?"

Bergljot ronú sí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ó padà sínú ilé ìda, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmì bàtà oníyìnyín kún ilẹ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àga ẹnu ọ̀nà, omi méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó gùn, ó rí bí ẹsẹ̀ méjì, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó sì tò ó dáadáa, tí yìnyín ara rẹ̀ yọ́. Ó bi Tauno bóyá àwọn tó ń pa ìda máa ń bọ́ bàtà nínú ilé yìí.

Tauno fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ká bọ́ bàtà? Kí ìda gbígbóná kán sí wa lẹ́sẹ̀? Èérún ìda tó bá lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ yín níbẹ̀, ó di ọdún Àjíǹde kó tó kúrò."

Ó ní ìda elésè àlùkò tó wà nílẹ̀ yìí, Oddvar fúnra rẹ̀ ló po pupa mọ́ búlúù láàárọ̀, ti Signy nìkan sì ni.

Nígbà tí aago kan lù, inspẹ́kítọ̀ wọ ilé ẹgbẹ́. Bàtà tò lọ rẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bọ́ tirẹ̀ sí i. Petra, akọ̀wé, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkísà, ojú rẹ̀ le. Ó ń kùn pé láti ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń tọ́jú ilé yìí, òní ni alága kọ́kọ́ gbé bàtà gun rọ́ọ̀gì òun.

Àwọn ìgbìmọ̀ méje jókòó yí tábìlì ká, ìbọ̀sẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ àwọn mẹ́fà. Alága ti gbé gègé lé ìwé ìfagilé.

"Alága," ni Bergljot wí, "ẹ bọ́ bàtà yín."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀."

"Àárọ̀ tí ẹ fi gun àtẹ̀gùn dé orí òkè lọ kí àwọn àlejò?"

Àwọn tó kù ń wo abẹ́ tábìlì. Petra ló sọ̀rọ̀, láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ bọ́ ọ, Alága. Rọ́ọ̀gì mi ń tutù."

Ó bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ funfun onírun àgùntàn ló wọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì kún fún èérún ìda elésè àlùkò.

Ó ní bóyá àná lòun gba ibẹ̀ kọjá. Bergljot ní láàárọ̀ yìí ni wọ́n po ìda náà. Ó wá ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Ẹni tó fẹ́ borí á bá pákó jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó jó o fẹ́ kí ariwo sọ, ẹnì kan ṣoṣo ni ariwo náà sì wúlò fún, ẹni tó ti ń wí pé kí wọ́n fagi lé eré kí wọ́n tó nu ẹ̀jẹ̀ tán. Ẹni tó ń pa ìda kì í bọ́ bàtà nínú ilé ìda láéláé. Èèyàn pàtàkì tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa, tí kò fi ọwọ́ kan ìda rí láyé rẹ̀, ló ń bọ́ ọ láìrò ó, kódà nígbà tó ń lọ hùwà ìkà. Nígbà tí Oddvar padà wá mú fúláàsì rẹ̀, áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ ẹni náà, òun ló sì fi lu bàbá náà.

"Bàbá mi àgbà ló kọ́ òkè yẹn," ni Halvard Grøtting wí. "Orúkọ gbogbo ẹni tó borí ló wà lára ògiri níbẹ̀. Ṣé orúkọ ọmọ ẹni tó ń kó yìnyín ni kí n wá gbẹ́ mọ́ ti wọn?"

"Bàbá Oddvar ti lajú," ni inspẹ́kítọ̀ dá a lóhùn. "Ó ní ẹ̀yìn yín lòun rí. Ó lóun rò pé àlejò ni, torí ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Ìgbìmọ̀ ya ìwé ìfagilé. Wọ́n tú Tauno sílẹ̀, Helmi sì fúnra rẹ̀ gbé pákó mìíràn tó ní lọ́wọ́ wá fún Signy. Tauno pa ìda sí i kíákíá. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ ìlú òun borí ẹni tí kò ní pákó, pé irú ìborí wo nìyẹn?

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé alága dé ibi tí títì ti pàdé ọ̀nà eré. Ìyá arúgbó kan tó di àsíá pupa mú dá wọn dúró. Awakọ̀ ní ọ̀daràn làwọn gbé. Ìyá náà ní ì báà jẹ́ ọba, pé àwọn ọmọ ń kọjá.

Wọ́n dúró títí eré fi parí. Àwọn obìnrin mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọjá níwájú ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, èémí wọn ń rú bí èéfín. Lẹ́ẹ̀kejì, Helmi ti bá Signy, èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Pákó àjèjì lọmọ náà gùn, kò sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò juwọ́ sílẹ̀. Bergljot, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Helmi ló borí. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ju Signy lọ.

Bergljot jẹ ìyókù búrẹ́dì rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ká ní ẹ fi pákó ọmọ yẹn sílẹ̀, Alága, ọmọ Ulvhaug ni wọn ì bá gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sára ògiri bàbá yín àgbà. Ọmọ Finland ni wọ́n ń lọ gbẹ́ síbẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin lẹ sì gbé e síbẹ̀."

Ìyá arúgbó náà gbé àsíá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa kọjá.